Ìdọ́gba GHD lórí ìlà kan: ṣé shock ni èyí, àbí gírìdì ló ń tàn wá jẹ?

Alágbàká17

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ìbéèrè mi dá lórí ìdọ́gba GHD (generalized hydrodynamics, ìṣirò bí ọ̀pọ̀ pátíkù ṣe jọ ń ṣàn bí omi), èyí tí ẹgbẹ́ méjì gbé jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní 2016: Castro-Alvaredo, Doyon àti Yoshimura lápá kan, Bertini, Collura, De Nardis àti Fagotti lápá kejì. Ó wà fún àwọn pátíkù orí ìlà kan ṣoṣo tí mòméńtọ̀ọ̀mù wọn kì í pòórá nínú ìkọlù, tó fi jẹ́ pé ohun tí kì í yí padà nínú ètò náà kò lóǹkà, kì í ṣe mẹ́ta péré bíi ti gáàsì lásán. Kí a lè jọ máa wo ohun kan náà, òun nìyí:

∂ₜρ(θ) + ∂ₓ[v(θ) ρ(θ)] = 0

ρ(θ,x,t) ni iye pátíkù tó ní mòméńtọ̀ọ̀mù θ ní ibi x. Ìyára v(θ) kì í ṣe ìyára lásán, àwọn tó kù láyìíká rẹ̀ ló ń pinnu rẹ̀ (E àti p ni agbára àti mòméńtọ̀ọ̀mù, àmì ′ ni derivative; ᵈʳ, ìyẹn dressed, ni iye tí a ti wọ aṣọ fún, tí a ti fi ipa àwọn yòókù kún; ρₛ ni iye àyè tó wà, n ni ìdá àyè tí pátíkù ti gbà):

v = (E′)ᵈʳ / (p′)ᵈʳ
fᵈʳ(θ) = f(θ) + ∫ (dα/2π) φ(θ−α) n(α) fᵈʳ(α)
ρₛ = (p′)ᵈʳ/2π, n = ρ/ρₛ

Gáàsì Lieb-Liniger (bósọ́ọ̀nù orí ìlà kan tó ń ti ara wọn bí wọ́n bá fara kanra, c ni agbára títì náà) ni mo lò: p = θ, E = θ²/2, φ(θ) = 2c/(c²+θ²), c = 0.02. Gírìdì θ bẹ̀rẹ̀ láti −6 dé 6, ìgbésẹ̀ rẹ̀ 0.1. Apá òsì gbóná, n kò ju 0.3 lọ níbẹ̀. Apá ọ̀tún tutù, n sún mọ́ 0.95. Mo yọ ìdènà àárín kúrò kí wọ́n dàpọ̀. Ibi tí wọ́n ti pàdé ga fíofío bí ògiri, lẹ́yìn ògiri náà ρₛ di nọ́ḿbà òdì. Ṣé shock (ìgbì tó já wálẹ̀ lójijì bí ògiri) nìyẹn? Ṣé kí n gbé ọgbọ́n Rankine-Hugoniot (òfin tó ń so ẹ̀gbẹ́ méjì shock pọ̀) wọlé?

Ọ̀páLíle

Àbúrò, kì í ṣe shock. Ìdọ́gba yìí kì í bí shock, Prof (BàbáÌṣirò) á wá sọ ìdí rẹ̀ bí wọ́n bá ráyè. Ní tèmi, má tíì fọwọ́ kan Lieb-Liniger. Kọ́kọ́ gbé kóòdù rẹ lọ sórí ọ̀pá líle, torí pé gbogbo ìdáhùn ibẹ̀ ni a lè fi bírò rí.

Ọ̀pá tí gígùn wọn jẹ́ a ń rìn lórí ìlà kan. Bí méjì bá kọlu ara wọn, wọ́n á pààrọ̀ ìyára. Má wo ọ̀pá, ìyára ni kó o máa tẹ̀ lé. Ìyára tó yá jù á fò síwájú ní ìwọ̀n a, èyí tó lọ́ra á fò sẹ́yìn ní ìwọ̀n a. Nítorí náà:

V(v) = v + a ∫ dw ρ(w) [V(v) − V(w)]

Sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú ρ(v), kó o sì ṣe íńtégírà: apá tó ní a máa pa ara rẹ̀ rẹ́, ó ku ∫ρV = ρu, níbi tí ρ jẹ́ àpapọ̀ ìki, tí u sì jẹ́ ìyára ìpíndọ́gba. Dá a padà sínú ti òkè:

V(v) = (v − aρu) / (1 − aρ)

Ó tán. Fi nọ́ḿbà sí i: a = 0.1, ρ = 4, u = 0.5, ó túmọ̀ sí pé aρ = 0.4. Ẹni tí ìyára rẹ̀ jẹ́ 1 á máa lọ ní 0.8/0.6 = 1.333. Ẹni tí ìyára rẹ̀ jẹ́ 0 á máa lọ ní −0.333. Wò ó dáadáa: ìyára òdo ń fà sẹ́yìn! Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá bá a láti ẹ̀yìn tó sì kọjá rẹ̀ ló ń tì í sẹ́yìn ní 0.1, àwọn tó ń kọjá bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ ju àwọn tó ń bọ̀ wá bá a láti iwájú. Kóòdù tí kò bá lè fún ọ ní −0.333 lórí iṣẹ́ kékeré yìí, kò sí ohun tó ń lọ ṣe lọ́dọ̀ Lieb-Liniger.

Percus ló kọ ìdọ́gba ọ̀pá yìí ní 1969. Boldrighini, Dobrushin àti Suhov sì fi ẹ̀rí ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀ ní 1983. Nítorí náà kì í ṣe àbá.

Alágbàká17

Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ fi pátíkù gidi yẹ̀ ẹ́ wò. 20,000 ọ̀pá. Ṣé dandan ni kí n máa tẹ̀ lé ìkọlù lọ́kọ̀ọ̀kan? Ilẹ̀ á mọ́ bá kọ̀ǹpútà mi lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀páLíle

Rárá o. Má ṣe ka ìkọlù kankan. To àwọn ọ̀pá láti òsì sí ọ̀tún, fún wọn ní ipò 0, 1, 2… Yọ a × ipò kúrò lára ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà: ọ̀pá ti di àmì kékeré tí kò ní gígùn. Àwọn àmì yìí kì í kọlu ara wọn rárá, kálukú ń bá tirẹ̀ lọ: y = x′ + vt. Nígbà tí àkókò t bá pé, tún wọn tò, fún wọn ní ipò tuntun, kó o sì dá a × ipò tuntun padà sára y. Iṣẹ́ títò nìkan ni. 20,000 kì í gba ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà ni ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á da ọ̀pá sórí ìlà gidi láìtò, ọ̀pá á gorí ọ̀pá, wọ́n á wá máa pa èyí tó gorí ara wọn rẹ́; ìki á bàjẹ́ láìmọ̀. Inú àyè tó ti sún kì ni kó o ti da wọ́n. Ìki ibẹ̀ ni ρ/(1−aρ) = 4/0.6 = 6.67. Àlàfo láàárín àmì méjì jẹ́ exponential tí ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 0.15. 20,000 àmì á gba 3,000, bó o bá dá gígùn ọ̀pá padà (20,000 × 0.1 = 2,000), ìlà gidi á jẹ́ 5,000. Ìki rẹ̀ á sì jẹ́ 4 gẹ́lẹ́ bó o ṣe fẹ́.

Bó o bá ń ka iye ọ̀pá nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, má lo √N lásán fún àṣìṣe. Ọ̀pá kò lè gun ara wọn, nítorí náà iye wọn kì í ṣe gẹ̀jẹ̀gẹ̀jẹ̀ tó ti Poisson (ti ohun tí kò gbára lé ara wọn). Variance rẹ̀ (àṣìṣe ní onílọ̀ọ́po méjì) kéré ní ìlọ́po (1−aρ)². Àpótí tó fẹ̀ tó 50 ní 200 ọ̀pá. Àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ 0.6 × √200 = 8.5, ìyẹn ìdá 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe 7.1. Bó bá jẹ́ 7 lò ń rí, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ ni kó o lọ yẹ̀ wò.

Ohun mìíràn: àwọn tó bá fẹ́ ṣe é pẹ̀lú fọ́ńṣọ̀n tó ń ṣàn dípò pátíkù máa ń kọ X = x′ + a∫₀ˣ′ρ′(y,t)dy (níhìn-ín, ′ ń tọ́ka sí àyè tó sún kì, kì í ṣe derivative), wọ́n á sì rò pé ó parí. Kò parí. Àwọn tó ti kọjá ojú òdo láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ wà níta ìṣirò yẹn. Bí j′ bá jẹ́ iye tó ń kọjá ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, èyí tó tọ́ ni

X = x′ + a [ ∫₀ˣ′ ρ′(y,t) dy − ∫₀ᵗ j′(0,s) ds ]

Bí a bá yọ apá kejì yẹn sílẹ̀, ìrísí gbogbo rẹ̀ á dára lójú, àmọ́ gbogbo àwòrán á ti sún kúrò níbi tó yẹ kó wà. Nínú àpẹẹrẹ òkè yẹn, ó ń sún ní 0.333 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Àbẹ̀kẹ́_Oǹdó

Ẹ jẹ́ n dá sí ti ògiri yẹn, torí nọ́ḿbà rẹ ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. c = 0.02, ìgbésẹ̀ h = 0.1. Kernel rẹ (φ) fẹ̀ tó 0.02 péré, ìwọ sì ń fi ẹsẹ̀ gígùn 0.1 gbà á kọjá. Íńtégírà φ/2π láti òpin dé òpin gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. Ìṣirò àkópọ̀ lórí gírìdì kò fún ọ ní 1, ohun tó ń fún ọ ni coth(πc/h). Èyí kì í ṣe ìfojúdíwọ̀n, ìdáhùn gangan ni fún gírìdì tí kò lópin. Fi tìrẹ sí i: coth(0.628) = 1.796.

Ó wá túmọ̀ sí pé níbi tí n bá tẹ́jú, (p′)ᵈʳ rẹ jẹ́ nǹkan bíi 1/(1 − 1.796n). Nígbà tí n bá dé 1/1.796, ìyẹn nǹkan bí 0.56, ó di ọ̀run. Kọjá ibẹ̀, ó di òdì. Apá òsì rẹ wà ní 0.3, kò sí wàhálà. Apá ọ̀tún wà ní 0.95, ó ti wọ inú òdì. Ibi tí n ti ń gba 0.56 kọjá láàárín ni ògiri rẹ. Gírìdì ló kọ́ ọ, kì í ṣe gáàsì.

Ọ̀nà àbáyọ jẹ́ méjì. O lè dín h kù dé c/2; coth(2π) = 1.000007, ó tó ẹni tó bá fẹ́ sùn. Bí h = c pàápàá, 1.0037 ni. Àmọ́ h = 0.01 á sọ ojú gírìdì 120 rẹ di 1,200, iye iṣẹ́ LU (ọ̀nà yíyanjú ìdọ́gba mátíríìsì tààrà) á sì di ìlọ́po 1,000. Èmi kò ní gba ọ̀nà yẹn.

Èyí tí mo fara mọ́ ni pé kó o má ṣe mú φ ní ojúkan. Ṣe íńtégírà rẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí yàrá gírìdì kọ̀ọ̀kan. Ó rọrùn:

Tᵢⱼ = (1/π) [ arctan((θᵢ−θⱼ+h/2)/c) − arctan((θᵢ−θⱼ−h/2)/c) ]

Àárín mátíríìsì rẹ á kúrò ní 1.59 (èyí tí o ní báyìí) di (2/π) arctan(2.5) = 0.758. Àpapọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan kò ní kọjá 1 láé, ohun yòówù kí h jẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí n bá wà lábẹ́ 1, mátíríìsì (1 − Tn) kò lè dojú bolẹ̀. Fi LU yanjú rẹ̀ tààrà, má fi ìtúnṣe-tún-ìtúnṣe ṣe é; n = 0.95 á jẹ́ kí ìyẹn fà bí ìgbín. 120 × 120 ní ibi 400 lórí x jẹ́ iṣẹ́ nǹkan bíi ìdajì bílíọ̀nù fún ìgbésẹ̀ kan. Laptop lásán á gbé e.

Bí apá tútù bá lọ di òdo pátápátá, tí n jẹ́ 1 láàárín −q àti q tó sì já wálẹ̀ lójijì, pa gírìdì tó dọ́gba tì, kó o lo Gauss-Legendre (ojú gírìdì tí kò dọ́gba, tí a yàn fún íńtégírà) láàárín −q àti q. Etí tó já wálẹ̀ yẹn ni gírìdì tó dọ́gba kì í mọ̀ ọ́n mú.

Alábòójútó

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa tẹ nọ́ḿbà yín síbí. Ẹ má ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́, dátà àwọn kan kò pọ̀.

BàbáÌṣirò

Mo rí i pé wọ́n ti pè mí. Ìdí tí kò fi sí shock nìyí.

Fi n rọ́pò ρ, ìdọ́gba náà á wá di

∂ₜn(θ) + v(θ) ∂ₓn(θ) = 0

Ìyẹn ni pé n ti θ kọ̀ọ̀kan ni ó ń gbé ara rẹ̀ lọ, iye rẹ̀ kò pọ̀ sí i, kò dín. Ní èdè àwọn tó ń ṣe hyperbolic, n(θ) ni Riemann invariant, a sì ní ọ̀kan fún gbogbo θ, kò lóǹkà. Inú gáàsì lásán tó ní ìdọ́gba mẹ́ta, ẹ ò lè rí irú èyí ní gbogbo ìgbà.

Ìbéèrè tó kàn ni pé: bí mo bá fi ọwọ́ kan n ní α, báwo ni v(θ) ṣe ń yí? Ẹ mú v = (E′)ᵈʳ/(p′)ᵈʳ, ẹ yí n díẹ̀ (Tᵈʳ ni φ/2π tí a ti wọ aṣọ fún):

δv(θ) = ∫ dα Tᵈʳ(θ,α) [(p′)ᵈʳ(α)/(p′)ᵈʳ(θ)] [v(α) − v(θ)] δn(α)

Ojú yín ló wà lára [v(α) − v(θ)] yẹn? Nígbà tí α = θ, ó di òdo. Ìyára θ kò gbára lé n(θ) tirẹ̀ rárá, ti àwọn yòókù ló gbára lé. Linear degeneracy ni wọ́n ń pè é, òun sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Shock ń wáyé nígbà tí ẹni ẹ̀yìn bá yá ju ẹni iwájú tí wọ́n jọ jẹ́ irú kan náà lọ, bíi go-slow tó máa ń dì sí iwájú Ọjà Ọba: ibi tí mọ́tò ti pọ̀ ló ti ń lọ́ra, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ṣì ń sáré, wọ́n á kó jọ síbì kan. Níhìn-ín, àwọn tí wọ́n jọ ní θ kan náà kì í fa ara wọn lọ́wọ́. Wọn ò lè já ara wọn bá.

Nígbà tí apá méjì bá pàdé bíi ti Alágbàká17, ìdáhùn náà gbára lé ξ = x/t nìkan. n(θ) jẹ́ ti òsì bí v(θ) bá ju ξ lọ, ó jẹ́ ti ọ̀tún bí kò bá jù ú. Nítorí náà fún ξ kọ̀ọ̀kan, ẹ fojú díwọ̀n θ* kan, ẹ so n òsì mọ́ òkè rẹ̀ àti n ọ̀tún mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ṣírò v, ẹ wá θ* tuntun tí v(θ*) = ξ, ẹ tún un ṣe. Ìgbà mélòó kan péré ni ó máa ń dúró. Ìjákulẹ̀ wà nínú n lóòótọ́, ṣùgbọ́n θ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ níbi tirẹ̀. Bí ẹ bá kó gbogbo θ pọ̀ láti rí ìki pátíkù, ó máa ń yí díẹ̀díẹ̀, kì í já wálẹ̀ lójijì. Rankine-Hugoniot kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Ohun tó tún wúlò fún àyẹ̀wò: éńtírópì Yang-Yang, −∫∫ρₛ[n ln n + (1−n) ln(1−n)] dθ dx, kì í yí padà. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ jáde ní gbogbo ìgbésẹ̀. Bó bá ń gòkè, gírìdì yín ló ń pò ó pọ̀. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, kóòdù yín ní àìsàn tí mi ò lè dárúkọ láti ibi tí mo jókòó sí.

Fún àwọn tó fẹ́ràn ìṣirò gan-an: bí ẹ bá gé θ sí iye tó lópin, ètò tó kù jẹ́ semi-Hamiltonian ní ìtumọ̀ Tsarev, nítorí náà ọ̀nà hodograph rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ìyẹn ni pé a lè rí ìdáhùn rẹ̀ gangan. El, Kamchatnov, Pavlov àti Zykov fi hàn ní 2011 fún gáàsì sólítọ́ọ̀nù (ìgbì adáwà tí kì í tú ká), kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ GHD rárá. Bulchandani gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ètò kúáńtọ́ọ̀mù ní 2017.

ỌmọỌbaIlé

Prof, ẹ má bínú, mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀. Gáàsì ni gáàsì. Ìdọ́gba Euler, iye, mòméńtọ̀ọ̀mù àti agbára, ti ń ṣiṣẹ́ fún gáàsì láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì ń bí shock. Kí ló dé tí a ó fi ní kí gáàsì Lieb-Liniger má tẹ̀ lé e?

BàbáÌṣirò

Ìbéèrè tó dáa ni, kò sí ìbínú. Euler ní kí gáàsì ti padà sí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ní ibi kọ̀ọ̀kan, tí nọ́ḿbà mẹ́ta á fi tó láti sọ gbogbo ìtàn rẹ̀. Ní 2006, Kinoshita, Wenger àti Weiss fi átọ́ọ̀mù rubidium-87 sínú ihò tóóró tóóró, átọ́ọ̀mù 40 sí 250 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n pín wọn sí méjì kí wọ́n máa kọlu ara wọn lọ bọ̀. Ìkọlù di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, síbẹ̀ wọn kò padà sí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì tó ṣeé rí. Nọ́ḿbà mẹ́ta kò lè sọ ìtàn yẹn. Ní 2019, Schemmer, Bouchoule, Doyon àti Dubail tú gáàsì kan sílẹ̀ láti inú kòtò méjì sínú kòtò kan: GHD bá ohun tí wọ́n wọ̀n mu, ti mẹ́ta-mẹ́ta yẹn kò bá a mu.

Ibi tí Euler fi ń tan ènìyàn ni ìgbóná òdo. Níbẹ̀, n jẹ́ 1 láàárín etí méjì, GHD àti Euler sì jẹ́ ohun kan náà gẹ́lẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí Euler bá fẹ́ ya, ìyẹn tó fẹ́ bí shock, GHD á kàn ká etí náà lé ara rẹ̀: ní ibi x kan, dípò etí méjì, ẹ ó rí mẹ́rin. Doyon, Dubail, Konik àti Yoshimura ṣàlàyé rẹ̀ ní 2017. Ẹni tó bá ń kọ kóòdù fún ìgbóná òdo kò nílò gírìdì θ mọ́, etí yẹn nìkan ni kó máa gbé kiri lórí ojú x–θ.

ỌmọỌbaIlé

Ó yé mi. Kí wọ́n ká etí lé ara rẹ̀, mo gbà.

Sólítọ́ọ̀nù_FUTA

Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti dárúkọ gáàsì sólítọ́ọ̀nù, ẹ jẹ́ n fi nọ́ḿbà kan kún un, torí pé ó dùn ún wò. KdV ni, ìdọ́gba ìgbì orí omi tí kò jìn: uₜ + 6uuₓ + uₓₓₓ = 0. Sólítọ́ọ̀nù η ń lọ ní 4η² bó bá dá wà. Bí èyí tó tóbi bá kọjá èyí tó kéré, ó fò síwájú, èyí tó kéré fò sẹ́yìn. Ìfò ti η bó bá pàdé μ jẹ́ (1/η) ln|(η+μ)/(η−μ)|. Zakharov ló kọ́kọ́ kọ ìdọ́gba rẹ̀ fún gáàsì tó fẹ́lẹ́ ní 1971. El rí ti gáàsì tó ki ní 2003. Ẹ fi í wé V(v) tí Ọ̀páLíle kọ sókè, ara kan náà ni wọ́n, ìfò nìkan ló yàtọ̀.

Mú irú méjì péré: η₁ = 1, η₂ = 0.5, ìki kálukú 0.1. ln 3 = 1.0986, nítorí náà ìfò ti àkọ́kọ́ jẹ́ 1.0986, ti èkejì 2.197. Bí s bá jẹ́ ìyára wọn nínú gáàsì:

s₁ = 4 + 0.10986 (s₁ − s₂)
s₂ = 1 − 0.2197 (s₁ − s₂)

Yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì: (s₁ − s₂)(1 − 0.3296) = 3, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 4.475. s₁ = 4.49, s₂ = 0.017. Sólítọ́ọ̀nù kékeré tí ó yẹ kó máa lọ ní 1 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan! Gbé ìki ti ńlá sí 0.12, s₂ á di −0.26: á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé KdV kò ní sólítọ́ọ̀nù kankan tó ń rìn sẹ́yìn bó bá dá wà. Ẹ má lo ìyára 4η² láti yan ìgbésẹ̀ àkókò, ẹ lo s. Ẹ sì máa ṣọ́ nọ́ḿbà inú àkámọ́ yẹn, 1 − 0.3296. Bó bá ń sún mọ́ òdo, ìyára á máa lọ sí ọ̀run, ìki yín ti pọ̀ jù fún gáàsì náà nìyẹn.

Alágbàká17

Mo ti fi arctan ti Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ sí i. Ògiri ti lọ, ρₛ jẹ́ rere níbi gbogbo. Ó wá ku ọ̀rọ̀ àkókò. Upwind (ọ̀nà gírìdì tó ń wo apá tí ìṣàn ti ń bọ̀) ni mò ń lò lórí ρ, etí tó yẹ kó já wálẹ̀ ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣé kì í ṣe ìtànkálẹ̀ gidi tí De Nardis, Bernard àti Doyon fi kún GHD ní 2018 nìyẹn?

Ọ̀páLíle

Kò lè jẹ́ ìyẹn, o ò kọ ọ́ sínú kóòdù rẹ. Ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tó fi jọ ọ́, ewu ńlá sì ni.

Padà sórí ọ̀pá. Ẹni tí ìyára rẹ̀ jẹ́ v ń fò ní a ní gbogbo ìgbà tó bá pàdé ẹlòmíràn, iye ìgbà yẹn kò sì dúró sójú kan. Nínú àyè tó sún kì, àwọn ìpàdé yìí jẹ́ Poisson, nítorí náà fífẹ̀ ipò rẹ̀ ní onílọ̀ọ́po méjì jẹ́

σ² = t · a²/(1−aρ) · ∫ ρ(w)|v−w| dw

Mú a = 0.1, ρ = 4, ìdajì wọn ní ìyára 1, ìdajì −1. Ti v = 1: V = 1/0.6 = 1.667, íńtégírà jẹ́ 2 × 2 = 4. Tí t bá tó 100, σ² = 6.67, σ = 2.58. Ti gidi nìyẹn.

Upwind wá ń fi ìtànkálẹ̀ tirẹ̀ kún un, VΔx(1−CFL)/2. Pẹ̀lú Δx = 0.1 àti CFL (VΔt/Δx) 0.5, ìyẹn 0.0417; ní t = 100, σ = √8.33 = 2.89. Ṣé o rí i? 2.58 àti 2.89. Ẹni tí kò bá ṣọ́ra á ya á sórí àwòrán kan náà pẹ̀lú pátíkù, á sì sọ pé òun ti rí ìtànkálẹ̀ gidi. Dín Δx sí ìdajì: ti gírìdì á bọ́ sí 2.04, ti pátíkù kò ní mira.

Bí GHD ìpele Euler nìkan lo fẹ́, pa upwind tì. Ní ibi (x,θ) kọ̀ọ̀kan, padà sẹ́yìn sí x − vΔt, kó o bu n níbẹ̀ (interpolate). Lo v ti àárín ìgbésẹ̀, kì í ṣe ti ìbẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àṣìṣe rẹ á jẹ́ ti Δt lásán.

Àbẹ̀kẹ́_Oǹdó

Kí n fi kún un: má fi cubic spline lásán bu n. Lẹ́bàá etí tó já wálẹ̀, spline á fò kọjá 1, 1 − n á di òdì, ln inú éńtírópì Prof á sì fún ọ ní NaN. PCHIP ni kó o lò, irú spline tí kì í fò kọjá iye tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìpadàsẹ́yìn yìí kì í pa àpapọ̀ iye pátíkù mọ́ pérépéré bíi ti upwind, nítorí náà máa tẹ ∫∫ρ jáde pẹ̀lú éńtírópì. Bí iye pátíkù bá yẹ̀ ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ, èmi á dín Δx kù kí n tó dín Δt.

Alágbàká17

Bí mo bá fi kòtò V(x) sí i ńkọ́ (agbára kòtò ni V yìí, kì í ṣe ìyára)?

Àbẹ̀kẹ́_Oǹdó

Fún Lieb-Liniger, ohun tó wọlé kò ju èyí lọ: ∂ₜn + v ∂ₓn − V′(x) ∂_θ n = 0. Apá V′ kò ní aṣọ kankan lọ́rùn, o ò nílò láti yanjú íńtégírà fún un. Padà sẹ́yìn lórí x àti θ lẹ́ẹ̀kan náà.

Wàhálà rẹ̀ ni pé n á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ bí okùn lórí ojú x–θ, torí pé àárín àti etí kì í yí ní ìwọ̀n kan náà. Ní gbogbo yíyí kọ̀ọ̀kan, okùn náà á tún tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, títí á fi tẹ́ẹ́rẹ́ ju gírìdì rẹ lọ. Láti ibẹ̀ ni éńtírópì rẹ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Dá kóòdù dúró níbẹ̀, tàbí kó o fi ìtànkálẹ̀ gidi sí i kí okùn náà lè yọ́ fún ìdí tó tọ́. Gírìdì tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ kéré sí i kàn ń fún ọ ní yíyí díẹ̀ sí i ni.

Alágbàká17

Ó dáa. Mo máa gbé èyí tó jáde wá síbí, nọ́ḿbà nìkan, kò ní sí fọ́tò.